Oògùn Kòkó Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Mi

Mo ti pa paramọ́lẹ̀ lóko kòkó lẹ́yìn Àpòmù rí, mi ò sì pariwo. Ṣùgbọ́n bí aáyán bá fò nínú yàrá, ẹsẹ̀ mi kì í bèèrè ọ̀nà kó tó sá. Bẹ́ẹ̀, ìyàwó mi ń dín dòdò tà ní Ìkirè níbí. Ilé tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rírọ̀ àti epo pupa kún, aáyán wo ni ò ní wá kí wọn?

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ọ̀pọ̀ nínú àwa àgbẹ̀ ń gbé oògùn kòkó sí, nítorí olè. Bí mo ṣe wá ro ọgbọ́n kan nìyẹn: oògùn tó ń pa kòkòrò ara igi, ṣé ti inú ilé ló máa gbójú fò? Mo pò ó mọ́mi, mo ń fín in sára ògiri. Àwọn aáyán kú lóòótọ́. Mo wá ń yan bí ọ̀gágun.

Kò pẹ́ ni ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi bímọ n'Íbàdàn, ó ní òun ń gbé ọmọ bọ̀ kí ìyàwó mi lè máa bá òun wẹ̀ ẹ́. Inú mi dùn débi pé mo fín yàrá wọn ní àfíntúnfín. Ọmọ tuntun kúrò lẹ́ni tí aáyán ń rìn lára.

Wọn ò tíì jókòó tí ọmọ fi ń húkọ́. Ìyá rẹ̀ gbé e sáré bọ́ síta, ikọ́ náà sì rọlẹ̀.

“Bọ̀dá mi, kí ló ń rùn níbẹ̀ yẹn?”

“Oògùn díẹ̀ ni. Nítorí aáyán.”

“Oògùn wo?”

Ìyàwó mi ló dá a lóhùn. “Oògùn kòkó ni! Mo sọ, sọ, sọ, kò gbọ́.”

“Háà! Èyí tí wọ́n ní kẹ́ ẹ bo imú kẹ́ ẹ tó fín in lóko, òun lẹ ń sùn lé lórí? Orí ilẹ̀ yìí lọmọ ti máa rá tó bá yá, á wá fọwọ́ sẹ́nu. Ẹ má bínú, à ń padà s'Íbàdàn.”

Ẹ̀bẹ̀ ni mo fi dá a dúró. Ó gbà láti lọ sùn lọ́dọ̀ àbúrò ìyàwó mi ní Àpòmù. Bí ilé bá mọ́, á wá wò ó.

Mo gbé oògùn lọ sínú ahéré oko, mo tì í pa. A ṣí fèrèsé sílẹ̀, a fi ọṣẹ fọ ògiri àti ilẹ̀ léraléra, a fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo ihò. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò sùn sílé mọ́. Ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́ kó tó di alẹ́.

Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi padà wá, ó ń fi imú wá gbogbo igun kiri. Àfi bí aáyán kan ṣe yọ lábẹ́ àpótí. Gbogbo wọn bá yíjú sí mi.

“Bọ̀dá mi, kí lẹ máa fín sí i?”

Mo bọ́ bàtà mi. Mo dijú. Mo là á mọ́lẹ̀.

“Ilẹ̀ lẹ gbá létí yẹn o,” ìyàwó mi wí. “Ó ti lọ.”

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tú ọmọ kúrò lẹ́yìn, ó gbé e fún ìyàwó mi.

“Màmá, ẹ gbà á. Omi ìwẹ̀ ẹ̀ dà?”