Rọ́ọ̀gì Aláwọ̀ Wàrà ní Ìlú Eruku Pupa

Ẹ bá mi kí rọ́ọ̀gì. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ ṣan ẹsẹ̀, kí ẹ sì kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí nínú gbogbo ohun tí ọmọ ènìyàn ń tẹ́ sílẹ̀, òun nìkan ni a rà pé kí a máa tẹ̀, tí a sì ń bínú sí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́. Kò ṣiṣẹ́, kò bímọ, kò dá sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ àṣẹ rẹ̀ nínú ilé ju ti baálé lọ.

Mo rántí ọlá rẹ̀ láàárọ̀ àná, nígbà tí aládùúgbò mi kan ní Jàhí, ní Àbújá níbí, fọ rọ́ọ̀gì tirẹ̀, tó sì sá a sórí ògiri ọgbà. Òórùn rẹ̀, bí ìgbà tí òjò bá pa àgbò, gba ojú fèrèsé wọlé wá bá mi, mo sì tún di ọmọ kékeré ní Gárkì.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Àbújá òde òní, ẹ kò lè mọ eruku tí mò ń sọ. Ìlú náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde nígbà náà ni. Katakátá ń hú ilẹ̀, ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀ ń lọ ń bọ̀, eruku pupa sì ń bà lé ohun gbogbo: aṣọ tí a sá, omi inú ìkòkò, eyín ẹni tó bá rẹ́rìn-ín pẹ́ jù. Bàbá mi, káfíńtà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wá síbẹ̀ láti máa kan ilẹ̀kùn sí ilé àwọn ọ̀gá ìjọba. Yàrá méjì ni a ń gbé. Ọ̀gá kan ló fún un ní ìyókù rọ́ọ̀gì tí wọ́n gé kù nílé rẹ̀, bàbá mi sì rù ú wálé tayọ̀tayọ̀. Àwọ̀ wàrà ni. Nínú ìlú tí ewúrẹ́ funfun ti di pupa, màmá mi tẹ́ rọ́ọ̀gì aláwọ̀ wàrà.

Láti ìgbà náà ni pálọ̀ wa ti di ti àlejò. Bàbá mi á máa ṣan ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń ṣe àlùwàlá. Kọ́lá, àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìrìn, kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ rárá. Èmi ni wọ́n fi ṣọ́ ọ̀nà, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju bó ti yẹ lọ. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kan péré sórí rọ́ọ̀gì, màá gbá a lọ́wọ́, màá sì jágbe bí ọlọ́pàá: "Padà sẹ́yìn!"

Kọ́lá wá ilé mìíràn lọ. Ilé Ìyá Ràbí, ará Ìlọrin tó ń ta ọṣẹ lọ́jà, ló kọjú sí tiwa. Sìmẹ́ńtì lásán ni ilẹ̀ rẹ̀. Ó máa ń tẹ́ ẹní fún Kọ́lá, á gbé bàsíà omi àti ṣíbí sórí rẹ̀, ọmọ á bù ú, á dà á, á fi pa ikùn. Bó bá dà á tán, Ìyá Ràbí á ju àkísà kan sí i, òun náà á mú èkejì, àwọn méjèèjì á jọ máa nu ilẹ̀, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín.

"Kai, Ìyàwó Káfíńtà," ló sọ fún màmá mi lọ́jọ́ kan, "ọmọ tí ò tíì já lẹ́nu ọmú lò ń bá bínú yìí o! Kò mọ̀ pé òun ń ba nǹkan jẹ́. Ó rò pé òun ń bá ẹ ṣiṣẹ́ ni. Fún un ní igun kan tó lè bà jẹ́, jọ̀ọ́."

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ mọ ọmọ tọ́ lóòótọ́," ni màmá mi dáhùn, "ṣùgbọ́n ẹ ò ní rọ́ọ̀gì."

Ìyá Ràbí rẹ́rìn-ín títí ìborùn fi bọ́ lórí rẹ̀. "Òótọ́ ni. Ọlọ́run á jẹ́ kí rọ́ọ̀gì ọ̀hún máa pè ẹ́ ní ìyá."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ṣèpàdé nílé wa. Àwọn àgbàlagbà jókòó pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀, wọ́n ń yin ilẹ̀ pálọ̀ ju bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìlú lọ. Ibẹ̀ ni Kọ́lá ti já mọ́ mi lọ́wọ́. Ilé Ìyá Ràbí ló ti ń bọ̀, epo ẹ̀wà dé ìgúnpá rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń sáré lọ bá ìyá rẹ̀: "Màmá! Màmá!"

"Dúró síbẹ̀!" ni màmá mi jágbe.

Ó dúró. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó yí padà, ó sì jáde.

"Ẹ ò rí ọmọ tó gbọ́ràn!" ni alága ẹgbẹ́ wí. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí ìpàdé tú, mo tẹ̀lé màmá mi lọ mú un nílé Ìyá Ràbí. Màmá na ọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n Kọ́lá di ọrùn Ìyá Ràbí mú. Màmá tún pè é. Ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó yẹ̀ wọ́n wò, ó fi wọ́n nu aṣọ, ó tún yẹ̀ wọ́n wò, lẹ́yìn náà ló fi ojú pamọ́ sí àyà Ìyá Ràbí.

Màmá mi jókòó sórí sìmẹ́ńtì. Ó ki ọwọ́ bọ ìkòkò ẹ̀wà tó wà nítòsí, ó fi epo ra àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó sì nà án sí ọmọ náà. "Wò ó, Kọ́lá. Tèmi náà ti dọ̀tí." Ó pẹ́ gan-an kí ó tó wá.

Rọ́ọ̀gì náà pọ́n kí ọdún tó parí, màmá mi kò sì wí nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n Kọ́lá kì í gba àárín rẹ̀ kọjá. Etí ògiri ló máa ń gbà, bí àlejò.

Ìyá Ràbí ti padà sí Ìlọrin tipẹ́. Katakátá ti kúrò ní Gárkì, ó ń hú ilẹ̀ níbòmíràn. Táìsì ló kún ilé báyìí, ẹ̀ẹ̀kan náà ni a ó nù ún tí á mọ́, síbẹ̀ mo ṣì ń gbọ́ ọ láti ilé dé ilé: "Má fọwọ́ kàn án!" Eruku ló dín kù. Àlejò tí a ń tìtorí rẹ̀ jágbe mọ́ ọmọ kò dín kù.

Mo lọ sí yunifásítì, mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ìwé tí mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn aṣekárími. Nígbà tí ọmọbìnrin mi ń kọ́ ìrìn, mo ra àga funfun. Ó sáré wá bá mi lójú àwọn ọ̀rẹ́ mi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti rún mọ́ ọn lọ́wọ́, mo sì jágbe mọ́ ọn. Ó dúró. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní mo tọ́ ọmọ dáadáa, inú mi sì dùn. Èmi náà ṣe é.