Òwúrọ̀ Lẹ́yìn Oúnjẹ Ọ̀sán

Nígbàkígbà tí mo bá gbóòórùn erùpẹ̀ gbígbóná tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, ọ̀sán kan ní Òkè-Ìlá máa ń padà sọ́kàn mi.

Mo ti jẹun tán, mo sì sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yèyé, ìyá bàbá mi. Nígbà tí mo jí, òjò ti ṣú, inú yàrá dúdú, àkùkọ aládùúgbò wa sì ń kọ. Yèyé ti wé gèlè.

"Dìde, ilẹ̀ ti mọ́. O máa pẹ́."

Mi ò jiyàn. Mo fi omi tútù wẹ̀, mo wọ yunifọ́ọ̀mù mi, a sì jáde. Afẹ́fẹ́ ń gbá páànù òrùlé, àwọn èèyàn ń sáré kó aṣọ tí wọ́n sá. Yèyé di ọwọ́ mi mú ṣinṣin.

Ìyá mi, tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, pàdé wa lójú títì.

"Màmá, ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Mò ń mú ọmọ lọ sí ulé ìwé."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀sán nìyí o! Oorun ló tan ẹ̀yin méjèèjì."

Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n Yèyé wo ojú ọ̀run, ó tún wo ìyá mi títí.

"Ọmọ ta ni ọ́?"

Ẹ̀rín pa rẹ́ lójú ìyá mi.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé aago inú ara tèmi ti tún ara rẹ̀ ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú, ti Yèyé kò sì tún ara rẹ̀ ṣe mọ́.

Nígbà tí a fẹ́ sùn, ìyá mi ti ilẹ̀kùn àbájáde, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀. Mo bi í bóyá olè ń bọ̀.

Ó wo ibi tí Yèyé sùn sí, ó ní kí n sùn.