Eyín Mẹ́rin fún Lẹ́tà Kan

Àwọn obìnrin tí wọ́n ti di ìyá ọmọ kí wọ́n tó ráyè kọ́ kéwú ni Mùínátù Olúgbádé ń kọ́, nínú pálọ̀ ilé rẹ̀ ní Ado-Ekiti, ní ọ̀sán Sátidé. Iṣẹ́ aránṣọ ló fi ń jẹun, ṣùgbọ́n kéwú ló sọ ọ́ di ẹni mímọ̀. Bó bá la ẹnu ké e, ẹni tó ń kọjá lọ á dẹsẹ̀ dúró. Ohùn rẹ̀ dùn lóòótọ́, àmọ́ ohun tí àwọn àgbà àáfà fi ń yìn ín ni pé kò sí lẹ́tà kan tí kì í mọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ọdún karùn-ún rèé tí ó gbé aṣọ lọ fún oníbàárà kan ní Ijan-Ekiti. Bó ti ń bọ̀, ọ̀kadà tó gbé e yà fún ewúrẹ́, ó sì gbé e ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Eyín iwájú òkè mẹ́ta já dànù lójú ẹsẹ̀. Ìkẹrin ti là dé gbòǹgbò, nítorí náà wọ́n yọ ọ́ nílé ìwòsàn.

Wọ́n ṣe eyín àtọwọ́dá fún un, irú èyí tí ènìyàn ń yọ sínú ife omi kó tó sùn. Ó fi ń jẹun, ó fi ń kí ènìyàn, ṣùgbọ́n kò ṣeé fi ké kéwú. Lẹ́tà kan wà nínú èdè Lárúbáwá tó jẹ́ pé ṣóńṣó ahọ́n gbọ́dọ̀ fara kan etí eyín iwájú òkè kí atẹ́gùn tó gba ibẹ̀ jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí Mùínátù bá ti gbé ahọ́n débẹ̀, eyín náà á mì. Ní Sátidé kan, ó já bọ́ sórí ìwé tí wọ́n ń kà. Kò sí obìnrin kan tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún jù. Láti ọjọ́ náà, fóònù ló ń tàn fún wọn kí wọ́n máa gbọ́ ohùn àáfà ẹlòmíràn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Qanitah, tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wálé pẹ̀lú ìròyìn.

"Màmá, wọ́n ti ń gbin eyín báyìí."

"Bí ẹni ń gbin iṣu?"

"Ó fara jọ ọ́. Wọ́n á fi irin kékeré kan sínú eegun tó di eyín mú. Eegun náà á dì mọ́ irin, wọ́n á wá gbé eyín lé e lórí. Kì í yọ, kì í sì í mì."

Mùínátù gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Kì í mì?"

"Kì í mì, mà."

Ó ní kí ọmọ náà tún un sọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti wà níwájú Dókítà Ìyìn Ọlálérè, ọ̀dọ́mọbìnrin oníṣègùn eyín kan tí yàrá ìtọ́jú rẹ̀ kò jìnnà sí àdúgbò Fájuyì. Dókítà wo gbogbo èrìgì rẹ̀, ó bèèrè bóyá ó ní àtọ̀gbẹ, ó sì ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ̀rọ ńlá kan yí orí Mùínátù po láti ya fọ́tò eegun. Lẹ́yìn náà ni dókítà pè é wá síwájú kọ̀ǹpútà.

"Mà, kì í ṣe irin mẹ́rin là ń wá. Méjì ló máa gbé eyín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí òpó méjì ṣe ń gbé afárá. Eegun apá ọ̀tún lágbára. Ti apá òsì ló ti tín-ín-rín, nítorí ibẹ̀ ló fara gbá jù nígbà tí ẹ ṣubú. A ó fi ìyẹ̀fun eegun kún un. Lẹ́yìn náà, a ó dúró tó oṣù mẹ́fà kó lè dì mú."

"Mo ti dúró fún ọdún márùn-ún," ni Mùínátù wí. "Oṣù mẹ́fà kò lè ṣe mí ní nǹkan kan."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó mú bírò. "Kí lẹ fẹ́ kí eyín yìí ṣe fún yín? Àwọn kan á ní àwọn fẹ́ fi jẹ ẹran. Àwọn kan á ní kí àwọn lè rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò."

"Mo fẹ́ fi pe lẹ́tà kan ni."

Dókítà dáwọ́ ìkọ̀wé dúró. Mùínátù gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ya ahọ́n, ó ya eyín, ó sì fi ibi tí méjèèjì ti ń pàdé hàn án.

"Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí o, mà," ni dókítà wí, tó ń tẹjú mọ́ àwòrán náà. "Ẹ̀yin lẹ máa kọ́ mi. Ṣé ulé yín lẹ ti ń kọ́ àwọn èèyàn?"

"Ulé" yẹn, bí ará Èkìtì ṣe ń pe ilé, mú ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Mùínátù. Ó bi í léèrè ìlú rẹ̀, dókítà sì ní ọmọ Ìgèdè-Èkìtì lòun. Ara tù wọ́n.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, dókítà gbé eyín mẹ́rin tí wọ́n fi ìda ṣe jáde, ó sì tò wọ́n sí i lẹ́nu fún ìdánwò. Mùínátù wo dígí. Ó rẹwà. Ó wá pe "mẹ́ta" lédè Lárúbáwá, nítorí pé lẹ́tà náà wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó jáde ń súfèé bíi kẹ́tùrù.

"Ó gùn jù," ló wí.

"Ó bá ojú yín mu gan-an, mà."

"Ó bá a mu. Àmọ́ ahọ́n mi ń kọlù ú kó tó dé etí rẹ̀."

Dókítà ha ìda náà díẹ̀. Mùínátù tún pè é. Ó sàn ju ti àkọ́kọ́. Ó ní ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì nípọn. Dókítà tún ha á. Ní ìgbà kẹta, lẹ́tà náà ṣàn jáde bí omi tí wọ́n rọra dà sí ife.

Mùínátù tún pè é. Lẹ́yìn náà ó ké kéwú kúkúrú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn rẹ̀ ń ròkè, títí nọ́ọ̀sì fi ṣílẹ̀kùn wò wọ́n. Qanitah fi ọwọ́ bo ojú.

Dókítà wọn gígùn eyín ìda náà àti bó ṣe nípọn tó, ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Ìwọ̀n yìí la máa tẹ̀ lé láti pinnu ibi tí irin máa gbà wọlé. Iṣẹ́ abẹ di Wẹ́sìdeè kìn-ín-ní oṣù tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n yọ ìda náà báyìí, mà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i."

Ó fún un ní mẹ́wàá.

Nígbà tí wọ́n jáde, ẹsẹ̀ Mùínátù yá débi pé Qanitah ń sáré tẹ̀ lé e. Ó pe ọkọ rẹ̀, Fúàdì, tó ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná, lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ ń rọ́ lu ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti gbìn ín ni?" Fúàdì bèèrè.

"Wọn ò tíì gbin nǹkan kan. Mo ti gbọ́ ọ ni, Bàbá Qanitah. Mo ti fi etí mi gbọ́ ọ."

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì ń mu ògì tútù. Ní ìparí oṣù kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, dókítà fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan kan òpó apá òsì, èyí tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Ó dún gbọnranhun, kò mì rárá.

"Ó ti ń dì mú," ni dókítà wí.

Mùínátù ní kó tún un kàn.