Omi Dúdú Inú Àwo Tánganran

Ọdún kẹta tí a ṣe ìgbéyàwó, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gba ọlidé, èmi àti ọkọ mi wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ìwó láti lo ọjọ́ méje. A kò ní iṣẹ́ kankan tí à ń lọ ṣe níbẹ̀. A kàn fẹ́ sinmi, kí èmi náà sì rí ìlú àtijọ́ tí ọkọ mi ti sọ fún mi títí.

Ṣùgbọ́n àyà wa ń já. Àlùfáà kéwú ni bàbá ọkọ mi. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti ṣe ìrìbọmi ni wọn kò ti jẹ́ kó wọlé àwọn mọ́, ó sì ti di ọdún mẹ́fà. Lọ́dún yẹn ni wọ́n ránṣẹ́ pé, “Ẹ wá, kí n wò yín.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ tura. À ń rìn lọ ní ojú ọ̀nà Olúpọ̀nnà nírọ̀lẹ́, ọkọ mi ń fi igi máńgòrò tí ẹ̀ka rẹ̀ kán mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà èwe rẹ̀ hàn mí. A wo àwọn ilé alámọ̀ ńláńlá, a gun òkè lọ sí ọgbà àwọn míṣọ́nnárì. Bí a bá sì ti padà délé, a ó lọ kí Bàbá. Bàbá ń dáhùn ìkíni wa, ṣùgbọ́n “tíṣà” ni wọ́n ń pe ọmọ tí wọ́n bí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo jí gbá gbogbo agbo ilé. Ìyálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ìyàwó ṣọ́ọ̀ṣì, rọra o. Bí o bá gbá a tán lónìí, kí ni àwa ó gbá lọ́la?”

Mo rí àwo tánganran kan lọ́ọ̀dẹ̀, omi dúdú wà nínú rẹ̀. Mo rò pé omi tí wọ́n fi fọ ìdí ìkòkò ni. Mo dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo fi eérú fọ àwo náà títí ó fi ń dán, mo dojú rẹ̀ dé sínú oòrùn. Inú mi dùn sí ara mi.

Nígbà tí ìyálé mi rí àwo náà, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. “Omi inú rẹ̀ dà?”

“Mo ti dà á nù, mà.”

“Hàǹtú ni.”

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ọjọ́ méjì ni Bàbá fi kọ ọ̀rọ̀ inú Kùránì sára wàláà, pátákó kéwú wọn, kí wọ́n tó fi omi fọ tàdáwà, ìyẹn íǹkì rẹ̀, sínú àwo yẹn. Obìnrin kan láti ìlú Kuta, tí kò rí oorun sùn láti ìgbà tó ti bímọ, ló ń bọ̀ wá mu ún lẹ́yìn ìrun Àìlà ọ̀sán.

“Wọ́n á ní Onígbàgbọ́ da ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nù,” ó wí. “N kò rí ọ o. N kò rí àwo.” Ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

“Ìgò tàdáwà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn Bàbá,” ó wí. “A ó po díẹ̀ mọ́ omi. Ta ni yóò mọ̀?”

“Obìnrin tó ń bọ̀ ńkọ́?”

“Ṣé ìwọ gbà pé omi yẹn ń múni sùn ni?”

“N kò gbà á. Òun ló gbà á.”

“Bí Bàbá bá lé mi lónìí, wọn kò ní pè mí mọ́ títí wọn ó fi kú.”

Òótọ́ ni ó sọ. Ó dìde, ó lọ mú ìgò. Mo gbàdúrà kúkúrú kan, mo sì jáde kí ọkàn mi má baà yí padà.

Bàbá wà lórí awọ àgùntàn wọn, wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà. Mo kúnlẹ̀.

“Bàbá, èmi ni mo da hàǹtú nù láàárọ̀ yìí. Mo rò pé omi ìkòkò ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

Ìka wọn dúró. Wọn kò wò mí. Orúnkún ti ń dùn mí kí n tó gbọ́ ẹsẹ̀ ọkọ mi lẹ́yìn mi. Ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti ìgò lọ́wọ́.

“Bàbá, mo ti fẹ́ po òmíràn láti fi tàn yín jẹ.”

Wọ́n wo ìgò náà pẹ́. “Báwo lo ṣe fẹ́ pò ó?”

“Omi àti tàdáwà, sà.”

“Yóò ṣàn jù. Obìnrin yẹn ti mu tèmi rí. Ì bá mọ̀.”

Ìyálé mi, tó ní òun kò rí mi, bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá. Bàbá kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn.

“Gbé wàláà wá,” wọ́n wí fún ọkọ mi. “Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n láti ìjẹta. Wá bá mi dì í mú.” Wọ́n wá yíjú sí mi. “Ìwọ ni kí o sọ ohun tó fa ìdúró fún obìnrin náà.”

Obìnrin náà dé tòun ti ọmọ lẹ́yìn, eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Mo gbé omi fún un, mo sọ ọ́. Ó wò mí tòkètilẹ̀.

“Ìwọ lo dà á nù? Ìrìn Kuta ni o dà nù yẹn o.”

Mo bẹ̀ ẹ́, mo gba ọmọ rẹ̀ pọ̀n, mo tẹ́ ẹní fún un lábẹ́ òòji. Ibẹ̀ ni a wà tí a fi ń gbọ́ ohùn Bàbá lọ́ọ̀dẹ̀.

“Gbé e sókè díẹ̀, ọmọ mi. Ó ń yẹ̀.”

Ọkọ mi gbé e sókè. N kò rí ojú rẹ̀ láti ibi tí mo wà. Ó di wàláà náà mú títí di ìrun Àlàásárì.

Obìnrin náà mu omi rẹ̀, ó sì lọ. N kò mọ̀ bóyá ó sùn. Ní ọjọ́ keje tí a di ẹrù, Bàbá béèrè ẹni tó ń lé wa, a sì fi ọjọ́ mẹ́ta kún un. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ẹsẹ̀ mi gbé mi dé iwájú wọn lọ́jọ́ náà.