Bàtà Abíjàn Tí N Kò Ní Wọ̀ Mọ́

Aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú, òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá mi gbọ́ ọ o! Mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, àfi bí ẹni tẹ ìṣó mọ́lẹ̀. Gìgísẹ̀ ọ̀tún! Mo kígbe, mo tún jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ọkàn mi kì í pẹ́ já. Ṣé wọn ò ní gé ẹsẹ̀ mi báyìí?

Láti ìgbà tí mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán tí n kò tíì ríṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù Tantí ni mo wà, níbí ní Ẹ̀jìgbò. Àbúrò màmá mi ni. Ó pẹ́ ní Abíjàn, bàtà obìnrin ló sì ń kó wá láti ibẹ̀. Òfin rẹ̀ ni pé ẹni tó ń tajà gbọ́dọ̀ wọ ọjà. Bàtà gogoro ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni mo fi ń dúró látàárọ̀ dalẹ́. Bí àgbà bá sì wọlé, màá tún kúnlẹ̀ nínú rẹ̀! Ṣé ẹ ti dán an wò rí?

Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ mí wò ní kò sí gígé ẹsẹ̀ kankan, pé iṣan àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń bínú. Ó ní kí n wá bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, tó gbé kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ ró, tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, tí ọmọ ìka ráyè nínú rẹ̀. Èyí tó bá ká láàárín bí ìwé, kí n fi í sílẹ̀. Mo ní sílípáàsì pẹlẹbẹ ni mo fi ń sinmi nílé. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní sílípáàsì náà gan-an wà lára ohun tó ń dá ìrora náà sílẹ̀!

Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀, ni mo lọ ra kánfáàsì òkìríkà kan. Díẹ̀díẹ̀, ara bẹ̀rẹ̀ sí í tù mí. Tantí wò mí látòkè délẹ̀.

“Mon Dieu! Ṣé bọ́ọ̀lù lo fẹ́ gbá ni?”

Ó ní kí n máa dúró sẹ́yìn káńtà, kí oníbàárà má baà rí ẹsẹ̀ mi.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ìyá kan wọlé láti ìlú Ara. Mo jáde lọ kúnlẹ̀ kí i, ni kánfáàsì bá yọjú. Ó béèrè ìdí tí ẹni tó ń ta bàtà gogoro fi wọ kánfáàsì. Tantí yára ní mo fẹsẹ̀ kọ ni.

Ìyá náà mí kanlẹ̀. “Tìrẹ tiẹ̀ dáa. Bí èmi bá jí láàárọ̀, gìgísẹ̀ mi kì í jẹ́ n tẹlẹ̀.” Bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀!

Tantí ṣẹ́jú sí mi. Mo ro oúnjẹ rẹ̀ tí mo ń jẹ, mo ro ibùsùn tó fún mi. Mo sì la ẹnu: “Màmá, ẹ má rà á. Òun ló ṣe mí báyìí.” Mo bọ́ kánfáàsì, mo fi hàn án bó ṣe le lẹ́yìn.

“Ọmọ yìí, o ò ní jẹ́ kí ìyá rẹ jẹun!” Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó sì lọ láì ra nǹkan kan.

Tantí kò pariwo. Ó kàn ní lọ́jọ́ Ajé, kí n wọ bàtà gogoro tàbí kí n jókòó sílé. Ilé wo? Ilé rẹ̀ náà ni mo ń gbé!

Mo ti sunkún, mo ti rò ó títí, ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n n kò ní wọ̀ ọ́! Mo mọ oore Tantí, mi ò sì ní gbàgbé rẹ̀ láé. Gìgísẹ̀ mi kọ́ ni màá fi san án, ti oníbàárà kọ́ sì ni.

Ọ̀la ni ọjọ́ Ajé. Kánfáàsì ni màá wọ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bọ́ yín rí, báwo lẹ ṣe ṣe é? Tí mo bá ti kúnlẹ̀ níwájú Tantí, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?