Ìyá Ọkọ Mi Ń Rọ Ọmọ

Níléeṣẹ́ tí a ti ń ṣe ike n'Íkẹjà, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ẹnu mi mú. Ọ̀gá wa gan-an máa ń rora bá mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti dé yàrá wa l'Ágége, tí mo rí ìyá ọkọ mi, ẹnu kú. Ìyá tó fi ilé wọn sílẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́ wá bá mi tọ́jú ọmọ torí kí n lè padà sẹ́nu iṣẹ́, kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ bàjẹ́, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Mo bá ìyá lórí àpótí, ọmọ mi nà gbalaja lórí itan wọn, orí rẹ̀ rẹlẹ̀. Wọ́n ká àtẹ́lẹwọ́ sí i lẹ́nu bí ife, wọ́n ń da ògì sí i, wọ́n sì fi ìka dí i nímú kó lè gbé e mì. Wọ́n ń rọ ọ́. Bí wọ́n ṣe rọ ọkọ mi nìyẹn, bí wọ́n ṣe rọ èmi náà nìyẹn. Lójijì, ògì há ọmọ lọ́fun, ojú rẹ̀ yí sókè. Yéè! Mo já a gbà, mo dojú ẹ̀ bolẹ̀, mo ń gbá a lẹ́yìn títí ògì fi gba imú jáde.

"Ṣé o rò pé mo fẹ́ pa á ni?" ni wọ́n bi mí.

Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, ó ní ṣé mo fẹ́ lé ìyá òun lọ ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á bínú lọ lóòótọ́. Ẹ̀rù tó jù ni pé màá ti ibi iṣẹ́ dé, màá bá òkú ọmọ nílé. Mi ò sùn.

Bílẹ̀ ṣe mọ́, mo kúnlẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má rọ ọmọ yìí mọ́. Ṣíbí ni kẹ́ ẹ fi fún un. Tó bá kọ̀ ọ́, ẹ fi í sílẹ̀."

Wọ́n fà mí lọ́wọ́ pé kí n dìde.

"Ọkọ rẹ ní ẹ̀gbọ́n kan, o ò mọ̀," ni wọ́n wí. "Kì í jẹun. Mo ní kí n má fipá mú un, mo fi í sílẹ̀. Ó kú sí mi lọ́wọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ìyàwó."

Àánú wọn ṣe mí débi pé mo fẹ́ ní kí wọ́n gbàgbé ohun tí mo sọ. Ṣùgbọ́n mi ò dìde lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màámi," ni mo wí. "Ẹ má rọ ọ́ mọ́, mà."