Málọmọ́, Mọ́tò Bàbá Mi

Òórùn bẹntiróòlù ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé, kí ti àkàrà tó dé. Ìrì á ṣì wà lórí páànù ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, atẹ́gùn ọ̀sà á máa fẹ́ wọlé jẹ́jẹ́, màá sì mọ̀, kí n tó lajú, pé bàbá mi ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò wọn. N kì í dúró bọ́jú. Màá sáré jáde láì wọ bàtà, kí ọ̀rọ̀ kankan má bàa fò mí dá.

Ọ̀rọ̀ ni mo wí, nítorí bàbá mi kì í sọ̀rọ̀. Akọ̀wé ni wọ́n ní ọ́fíìsì kan ní Mààrínà. Wọ́n á dé nírọ̀lẹ́, wọ́n á kírun, wọ́n á jẹun, wọ́n á ní "O káre" fún ẹni tó gbé omi wá, ó parí. Mo bẹ̀rù wọn, mo sì fẹ́ràn wọn débi pé ìfẹ́ náà ń dùn mí láyà. Àfi tí mọ́tò bá ń ṣàìsàn ni ẹnu wọn ń là.

Àlòkù ni mọ́tò náà. Òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló tà á fún wọn, àwọ̀ rẹ̀ sì ti ṣá bí ewé tó gbẹ. Ó ń kú lónìí, ó ń jí lọ́la, ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, bá sọ ọ́ ní Málọmọ́, bí ẹni ń sọ àbíkú lórúkọ. Ìyá mi, tí ń ta aṣọ ní ọjà Òbún Èkó, kì í pè é bẹ́ẹ̀. "Bàbá Sàlí, ẹ bá mi kí ìyàwó yín o," ni wọ́n máa ń wí bí wọ́n bá ń gbé ẹrù wọn kọjá.

Màá jókòó sórí àpótí, bàbá mi á tẹ̀ ba ẹ́ńjìnnì, wọ́n á sì máa bá mi sọ̀rọ̀ láì wojú mi. Wọ́n ní mọ́tò kì í ṣàdédé kú, a máa sọ tẹ́lẹ̀, àwa ni kì í gbọ́. Bí èéfín rẹ̀ bá dúdú, epo ti pọ̀ jù fún un. Bó bá rí bí aró, ọ́ìlì ló ń jó. Lásìkò òjò tó bá kọ̀ tí kò jí, ọ̀rinrin ló wọ ibi tí iná ń gbà kọjá. Wọ́n á fi aṣọ gbígbẹ nù ún, wọ́n á tú àwọn púlọ́ọ̀gì, wọ́n á tò wọ́n sétí ààrò Ìyá Àgbà kí wọ́n lè yáná. Ìyá Àgbà á pariwo pé àkàrà àwọn ti ń rùn bẹntiróòlù. Nígbà tí táńkì epo ń jò, ọṣẹ ìfọṣọ ìyá mi ni wọ́n fi rẹ́ ojú ihò náà, ó sì dúró. "Bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀," ni wọ́n máa ń sọ fún mi.

Láàárín èyí ni ọ̀rọ̀ mìíràn á yọ́ jáde. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé wọ́n ní ẹ̀gbọ́n kan tí ọ̀sà gbé lọ, pé àwọn náà ti fẹ́ di atukọ̀ ojú omi rí, pé ọ̀gá àwọn máa ń pe àwọn ní "bọ́ì" níwájú àlejò. Oòrùn á máa gòkè, ohùn wọn á máa lọ wúyẹ́wúyẹ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, èmi á sì máa gbàdúrà lọ́kàn mi pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí Málọmọ́ yá tán.

Àfi lọ́jọ́ tí Ìyá Àgbà ń lọ sí Mẹ́kà. Rélùwéè ni wọ́n máa wọ̀ ní Ìdó dé Kánò, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú níbẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú ni wọ́n ti ń retí ìrìnàjò náà. A kọjá Ìdúmọ̀tà, a gun afárá, ni èéfín funfun bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú, Málọmọ́ sì kú. Ọ̀sà ń dán yanran nísàlẹ̀. Ìyá Àgbà di tẹ̀sùbáà wọn mú.

Bàbá mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ooru bò wọ́n lójú, wọn kò rí nǹkan kan. Ni wọ́n bá yíjú sí mi. "Sàlí, kí lo gbọ́?" Wọn kò tíì bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí.

"Ó ń ké bí ọmọ ológbò láti Ìdúmọ̀tà, Bàbá. Ìgbà tó yá ló dákẹ́."

"Bẹ́líìtì fáànù ló já," ni wọ́n wí.

Ìyá Àgbà bọ́ ìborùn tuntun ọrùn wọn. "Gbà, Ọlọ́run á dá mi mọ̀ láì sí i." Bàbá mi lọ́ ọ bí okùn, wọ́n so ó rọ́pò bẹ́líìtì náà. A dúró kí ara Málọmọ́ tutù, wọ́n sì rọra bu omi bútà Ìyá Àgbà sínú rádíétọ̀. A fẹ̀sọ̀ rìn dé Ìdó. Rélùwéè ti ń fọn fèrè nígbà tí a ti Ìyá Àgbà wọlé. Bí a ṣe ń padà bọ̀, bàbá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Inú mi kò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kí Ìyá Àgbà tó di Àlájà tí wọ́n padà dé, wọ́n ti gbé bàbá mi ga lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ra mọ́tò tuntun, ọkùnrin kan ní Olówógbowó sì wa Málọmọ́ lọ. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sórí àpótí mi. Bàbá mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n wò ó fín, wọn kò rí àléébù kan. "Ó dáa," ni wọ́n wí, wọ́n pa á dé, wọ́n wọlé. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, ìyá mi sì rò pé ebi ló ń pa mí.

Mo ti dàgbà ju bàbá mi ìgbà náà lọ, ìfẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ sì ti sún mọ́ mi. Àwọn ará ilé ní bàbá mi ni mo jọ, ẹnu èmi náà wúwo. Mọ́tò mi kì í bàjẹ́. Táófíkì, àbígbẹ̀yìn mi, máa ń jókòó tì mí láti Oníkan dé ilé, rédíò nìkan ní ń sọ̀rọ̀. Nígbà èwe, mo rò pé bàbá mi kò ní nǹkan kan tí wọ́n fẹ́ bá mi sọ. Wọ́n ní in. Wọn kò rí ibi tí wọn ìbá gbójú sí ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tẹjú mọ́ ojú ọ̀nà, mo ní, "Táófíkì, ẹ̀rù ìfẹ̀yìntì yìí ń bà mí o." Ó nawọ́, ó pa rédíò.